Nígbà Tí Àgbàlá Di Májèlé: Ìtàn Òjé ní Zamfara

Ní oṣù kẹta ọdún 2010, ìròyìn tí kò dára dé etí àwọn oṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ oníṣègùn Médecins Sans Frontières, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí MSF, ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Àwọn ọmọdé ń kú ní abúlé Yargalma, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bukkuyum, ikú náà kò sì dáwọ́ dúró. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, àrùn yírùnyírùn ni àwọn elétò ìlera máa ń ṣọ́ ní apá àríwá orílẹ̀-èdè yìí, ibà sì ni àwọn òbí kọ́kọ́ fura sí. Inú á máa run ọmọ, á máa bì, ara rẹ̀ á rọ, gìrì á sì gbé e. Wọ́n fún ọmọ ní oògùn ibà, gìrì kò lọ. Nígbà tí àbọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé láti òkè òkun, kì í ṣe kòkòrò àrùn ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Òjé ni.

Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn olùwádìí láti àjọ CDC ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn oṣìṣẹ́ ìlera Nàìjíríà wọ abúlé méjì, Yargalma àti Dareta, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Agbo ilé 119 ni wọ́n dé. Nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ti kú láàárín ọdún kan péré. Ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ 204 nínú àwọn ọmọ tí ó ṣẹ́kù, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí òjé kò tíì wọ̀ lára. Nígbà náà, máíkírógíráàmù 10 nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni ààlà ewu fún ọmọdé. Bí ó bá ti dé 45, dókítà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní oògùn tí ń fa òjé jáde. Ọmọ 198 nínú 204 ni ó ti dé 45 tàbí tí ó kọjá rẹ̀. Ní gbogbo Zamfara, ó kéré tán, 400 ọmọdé ni àjálù náà pa kí àwọn ènìyàn tó mọ orúkọ ohun tí ń pa wọ́n.

Kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan ní Yargalma. Kò sí èéfín, kò sí páìpù tí ń tú omi olóró sínú odò. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ilé alámọ̀, àgbàlá tí a kò fi símẹ́ǹtì rẹ́, adìyẹ, ewúrẹ́, àti àwọn ọmọ tí ń jókòó sílẹ̀ ṣeré. Láti inú ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé náà ni ikú ti wọlé.

Bí ó ṣe débẹ̀ kò ṣòro láti tọpa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Zamfara ti ń wa wúrà. Ní ọdún 2009, iye owó wúrà lágbàáyé kọjá 1,000 dọ́là fún áúńsì kan, kò sì padà lọ sísàlẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Fún àgbẹ̀ tí ọkà bàbà rẹ̀ kò tó jẹ délẹ̀ ọdún, ìpè ni ìyẹn. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ilẹ̀ jìn sí i, wọ́n fọ́ òkúta, wọ́n sì fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti alùpùpù gbé e wálé. Nínú agbo ilé ni iṣẹ́ yòókù ti ń lọ. Wọ́n á fi òòlù fọ́ òkúta náà kéékèèké, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà, á di lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n á fi omi ṣàn án, wọ́n á da mẹ́kúrì sí i kí wúrà lè dì mọ́ ọn, wọ́n á sì fi iná jó mẹ́kúrì náà dànù títí tí wúrà nìkan yóò fi kù. Àwọn ìyá tí àṣà ibẹ̀ kò gbà láyè láti máa jáde lójoojúmọ́ rí iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe nínú ilé, tí owó rẹ̀ sì ju ti òwò kékeré lọ. Nínú ìdá mẹ́ta agbo ilé tí àwọn olùwádìí dé, ìdá méjì ni wọ́n ti ń fọ òkúta wúrà.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé òkúta tí wọ́n ń gbé wálé ní àkókò yìí kì í ṣe ti wúrà nìkan. Òjé pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí kò wọ́pọ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ̀ ọ́ ni eruku rẹ̀ ń bà lé ẹní, lé ìkòkò, lé orí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó lọ òkúta lánàá náà ni yóò lọ ọkà lónìí. Omi tí wọ́n fi ṣan lẹ́búlẹ́bú náà ń ṣàn lọ sí ìdí ògiri, ó gbẹ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá wọn ilẹ̀ àwọn àgbàlá wọ̀nyí, àwọn ibì kan wà tí òjé inú kílógíráàmù iyẹ̀pẹ̀ kan ti ju mílígíráàmù 100,000 lọ. Ìyẹn ni pé, bí ènìyàn bá bu iyẹ̀pẹ̀ kílò mẹ́wàá níbẹ̀, kílò kan gbáko nínú rẹ̀ jẹ́ òjé. Àjọ tí ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, ka 400 sí ààlà fún ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré nígbà náà; ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 wọ́n tún fà á wálẹ̀ sí 200.

Òjé kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ Yorùbá. Àwọn olùsìn Ọbàtálá ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, àwọn apẹja ń so ó mọ́ àwọ̀n kí ó lè rì. Èyí tí ó sún mọ́ ọ̀ràn Zamfara jù lọ ni tìróò. Òkúta dúdú tí ń dán tí wọ́n ń lọ̀ kúnná láti fi lé ojú, gàlẹ́nà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é, òun sì ni òkúta tí a ti ń yọ òjé jùlọ ní àgbáyé. Ní ọdún 2011, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní ìlú Boston, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti orírun Nàìjíríà wá. Kò gbé ẹ̀gbẹ́ kùsà kankan. Tìróò ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni òjé. Ẹni tí ó bá rò pé ìtàn Zamfara jẹ́ ìtàn àwọn ará abúlé tí kò kàwé, kí ó rántí Boston.

Bí òjé bá wọ inú ọmọdé, ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kálísíọ́mù tí egungun rẹ̀ ń fẹ́. Ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ju bí ara àgbàlagbà ti ń gbà á lọ. Ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń ba ọpọlọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà jẹ́. Ọmọ tí gìrì kò pa lè fọ́jú, ó lè di adití, ó sì lè má lè kẹ́kọ̀ọ́ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí iye àwọn tí ó kú kò fi lè sọ gbogbo ohun tí Zamfara pàdánù.

Ìbéèrè kan wà tí ó ń ru àwọn onímọ̀ lójú: ibi púpọ̀ ni òjé wà lórí ilẹ̀ ayé, kí ló dé tí ti Zamfara fi pa ọmọ báyìí? Geoffrey Plumlee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àjọ onímọ̀ ilẹ̀ ti Amẹ́ríkà, USGS, gbé ìdáhùn jáde ní ọdún 2013. Gàlẹ́nà tí kò tíì yí padà kì í tètè yòrò nínú omi ikùn. Ṣùgbọ́n òkúta Zamfara ti wà nítòsí ojú ilẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Òjò àti afẹ́fẹ́ ti sọ púpọ̀ nínú gàlẹ́nà rẹ̀ di oríṣi mìíràn, èyí tí òjé ti para pọ̀ mọ́ kábọ́nétì. Èyí ń yòrò wẹ́rẹ́ nínú ikùn ọmọdé. Ẹ̀rọ tí ó lọ̀ ọ́ kúnná sì ti bá ikùn náà ṣe ìdajì iṣẹ́. Ilẹ̀ méjì lè ní òjé tí iye rẹ̀ bá ara mu lórí ìwé àyẹ̀wò, kí ọ̀kan jẹ́ ewu ọdún pípẹ́, kí èkejì sì jẹ́ ikú ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí ọ̀nà tí ayé ti ń gbà wọn ilẹ̀ tí irin olóró ti bà jẹ́. Kì í ṣe ìmọ̀ àtijọ́. Ní ọdún 1969, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ German Müller gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó fi ń fi irin inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò wé iye tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ látilẹ̀wá, kí ọmọ aráyé tó fọwọ́ kàn án. Ní ọdún 1980, Lars Håkanson ti ilẹ̀ Sweden fi ti ìpalára kún un. Ó ní kì í ṣe bí irin ṣe pọ̀ tó nìkan ni kí a wò, kí a wo bí oró rẹ̀ ti le tó fún ohun abẹ̀mí. Ó wá fún irin kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n: síǹkì gba 1, òjé àti bàbà gba 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ásẹ́níìkì gba 10, kádíọ́mù gba 30, mẹ́kúrì sì gba 40. Ènìyàn á pín iye tí ó bá nínú ilẹ̀ sí iye àtilẹ̀wá, á fi òṣùwọ̀n irin náà sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ìdáhùn bá ti dé 320, ewu rẹ̀ fún àyíká ti dé òpin àtẹ Håkanson. Kò sí ipele kankan mọ́ lókè rẹ̀.

Kí a fi àgbàlá Zamfara sínú ìṣirò yìí. Òjé tí ń bẹ nínú ilẹ̀ tí kò ní ẹ̀gbin jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 20 nínú kílógíráàmù kan. Pín 100,000 sí 20, ó jẹ́ 5,000. Sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, ó di 25,000. Àtẹ tí òpin rẹ̀ jẹ́ 320! Mẹ́kúrì tí wọ́n dà sí i kò sì tíì sí nínú ìṣirò náà.

Håkanson ṣe ìlànà rẹ̀ fún ẹrẹ̀ inú adágún omi ní ilẹ̀ olótùútù. Àwọn olùwádìí káàkiri àgbáyé, títí kan ti àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ni wọ́n ti sọ ọ́ di ìlànà fún ilẹ̀ oko, ilẹ̀ ààtàn àti ìtòsí ilé mẹkáníìkì. Ó wúlò láti fi mọ ibi tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ sáré lọ. Àmọ́ kò mọ̀ bóyá irin náà lè yòrò nínú ikùn, kò sì mọ̀ bóyá ọmọ ń ràkò lórí ilẹ̀ náà. Ìwé àyẹ̀wò tí ó dára jù lọ lè pe ilẹ̀ kan ní eléwu kí ó sì dákẹ́ lórí ẹni tí ewu náà yóò kọ́kọ́ pa.

Ní ti àyíká fúnra rẹ̀, òjé kì í jẹrà. Igi a máa jẹrà, aṣọ a máa jẹrà, ọ̀dá epo pàápàá ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Òjé a máa dì mọ́ amọ̀ àti ìràwé jíjẹrà ní ojú ilẹ̀, á sì wà níbẹ̀ fún ìran dé ìran. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tí ń sọ ìràwé di ilẹ̀dú, ni ó kọ́kọ́ ń ṣe léṣe, lẹ́yìn wọn ekòló, lẹ́yìn ekòló adìyẹ tí ń ṣa á jẹ. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á gbé e lọ sí agbo ilé tí wọn kò ti fọ òkúta rí. Nígbà òjò, àgbàrá á wọ́ ọ lọ sí odò tí màlúù ti ń mu. Ewébẹ̀ kì í fi gbòǹgbò fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Eruku tí ó bà lé ewé ni ó burú, tí ẹni tí kò ní omi púpọ̀ kò sì lè fọ̀ tán. Ẹran ọ̀sìn kú ní àwọn abúlé náà pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá ti ń ka òkú ẹran tẹ́lẹ̀, bóyá ìbéèrè ìbá ti dìde kí ó tó kan ọmọ.

Ìmọ̀ bí a ṣe ń fọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá láti ibi tí ènìyàn kò lè ronú kàn. Ní ìlú Kellogg, ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Bunker Hill ń yọ́ òjé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, iná ba ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ èéfín jẹ́. Iye owó òjé ń lọ sókè lásìkò náà, ilé iṣẹ́ náà kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Èéfín tí wọn kò sẹ́ bo ìlú. Ní ọdún 1974, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ń gbé ní ìwọ̀n máìlì kan sí ibẹ̀ wò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 99 ni òjé ẹ̀jẹ̀ wọn dé 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní ọdún 1981. Ní ọdún 1983 ìjọba Amẹ́ríkà fi àgbègbè náà sára àwọn ibi tí òfin ní kí wọ́n fọ̀ dandan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń wọn iyẹ̀pẹ̀ iwájú ilé, wọ́n ń kó èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n sì ń da iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ dípò. Ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ láti àwọn ọdún 1970 ni Ian von Lindern. Òun àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, TerraGraphics, pẹ̀lú àjọ Blacksmith Institute, ni wọ́n gbéra wá sí Zamfara ní ọdún 2010.

Ìkìlọ̀ kan ti ṣáájú ní tòsí. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní ilẹ̀ Senegal. Wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ ògbólógbòó níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí òjé gbówó lórí, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n ń sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ láti ṣa òjé tí ó ti sọnù sínú rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kan náà ni, ọdún méjì péré ni ó sì wà láàárín rẹ̀ àti Yargalma. Nàìjíríà tí ó dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti máa fìyà jẹ abàyíkájẹ́, tí ó sì ṣe òfin ìwakùsà tuntun ní ọdún kan náà tí ó fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò rí Thiaroye gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ó kàn án. Ìwé òfin wà nílé, ẹni tí yóò mú un dé abúlé ni kò sí.

Ní Dareta àti Yargalma, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2010, pẹ̀lú òjò tí ń ṣú lókè. Irin iṣẹ́ wọn kò ju ọkọ́, ṣọ́bìrì, àpò àti ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ lọ. Èyí tí ó jẹ́ ti ayé òde òní níbẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí ó dà bí ìbọn, tí a ń nà sí ilẹ̀, tí yóò sì sọ iye òjé tí ó wà níbẹ̀ kí ènìyàn tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ya àwòrán agbo ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn ìdí ògiri, ẹnu ọ̀nà, ibi ìdáná, ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé gan-an ni wọ́n gba iṣẹ́ ìwalẹ̀ náà. Wọ́n ha ojú ilẹ̀ kúrò, wọ́n kó o sínú kòtò ńlá tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ìlú, wọ́n sì rọ́ iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ sí àgbàlá. Ní àkókò náà, àwọn ọmọ àti ìyá wọn wà ní ilé ìwòsàn Bukkuyum àti ti Anka, wọ́n ń lo oògùn tí ń jẹ́ DMSA. Òfin MSF ni pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé tí wọn kò tíì fọ̀. Oògùn náà á fa òjé jáde, ilẹ̀ á sì tún dá a padà; asán ni ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn òjò, láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà títí di oṣù kẹta ọdún 2011, iṣẹ́ kan abúlé márùn-ún mìíràn: Abare, Tungar Daji, Tungar Guru, Sunke àti Duza. Kò rọrùn láti rí òtítọ́ gbà lẹ́nu àwọn ará abúlé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìwakùsà láìgba ìwé àṣẹ lòdì sí òfin, wọ́n sì mọ̀ pé bí àwọn bá sọ pé òkúta wúrà ni ó pa ọmọ àwọn, ìjọba yóò gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ tí ó kù. Bàbá tí ó fi ikú ọmọ pamọ́ nítorí ebi kì í ṣe òǹrorò. Ó ti ṣe ìṣirò tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fún un ní iye mìíràn tí ó lè fi ṣe é.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan ìjọba gan-an ni Bagega.

Bagega ni ó tóbi jù nínú àwọn abúlé tí òjé bà jẹ́. Ibẹ̀ ni ọjà òkúta wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu lẹ́bàá odò àtọwọ́dá tí àwọn darandaran ń fún ẹran lómi. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti mọ̀ pé ilẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Owó àwọn olùrànlọ́wọ́ tán kí iṣẹ́ tó dé ibẹ̀. Ọdún 2011 kọjá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, wọ́n ṣe ìpàdé àgbáyé ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ náà, ìjọba àpapọ̀ sì ṣèlérí owó. Ìpàdé tú, owó kò jáde. MSF kò yé kígbe pé àwọn kò lè tọ́jú àwọn ọmọ Bagega, nítorí ilẹ̀ tí wọn yóò padà sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ náà ti ń rìn, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn jókòó lórí rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni owó tó jáde. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì. Ó parí ní oṣù keje. Ohun tí àwọn ọmọ fi ọdún mẹ́ta retí gba oṣù mẹ́fà péré. Kò sí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan tí ó fa ìdádúró yẹn. Ìwọ̀n ilẹ̀ ti wà lórí ìwé, ẹni tí yóò fọwọ́ sí owó ni wọ́n ń wá.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀. Abúlé mẹ́jọ, ilé 820 àti àwọn ibi ìfọkúta, iyẹ̀pẹ̀ tí ó ju 27,000 mítà onígun mẹ́ta lọ ni wọ́n kó kúrò. Òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ, tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 149 ní ìbẹ̀rẹ̀, bọ́ sí 15. Àṣeyọrí ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Síbẹ̀, 15 náà kọjá ààlà 10 ti ọdún 2010. Ààlà fúnra rẹ̀ sì ti ń sá sẹ́yìn: CDC fà á sí 5 ní ọdún 2012, ó tún fà á sí 3.5 ní ọdún 2021, nítorí pé bí ìmọ̀ ti ń pọ̀ sí i ni ó ń hàn pé kò sí iye òjé kan tí ó dára fún ọmọdé.

Ní ọdún 2015, ó tún ṣẹlẹ̀. Ní àgbègbè Shikira, ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi ti ìpínlẹ̀ Niger, ọmọdé 28 kú. Òkúta wúrà kan náà, ẹ̀rọ ìlọkà kan náà, àgbàlá kan náà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn Yargalma, kò sí ẹni tí ó ti rìn káàkiri àwọn abúlé awakùsà pẹ̀lú ẹ̀rọ bí ìbọn yẹn kí gìrì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú ọ̀nà mìíràn, tí wọ́n ń kọ́ àwọn awakùsà láti máa lọ òkúta nínú omi kí eruku má baà fò, kí wọ́n máa wẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà jìnnà sí ilé, eruku dínkù. Ohun tí ìfòfindè ìwakùsà kò lè ṣe, omi àti ìjìnnà ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ni bátìrì. Ní Olódò, lẹ́bàá Ìbàdàn, ìdàrọ́ òjé tí wọ́n dà sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ti di ohun tí àwọn olùwádìí yunifásítì Ìbàdàn ń lọ bu láti yẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Ògijo, níbi tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti fi ẹnu ko Ìkòròdú, ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó wà láàárín ibùgbé ènìyàn. Bátìrì ẹ̀rọ ìgbanáná-sílẹ̀, bátìrì sólà, bátìrì mọ́tò: gbogbo ilé tí iná ìjọba kò tó ni ó ní ọ̀kan tí ọjọ́ rẹ̀ yóò pé. Ẹni tí ń rà á lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọlanke ń gbé òjé lọ síbì kan, ibẹ̀ sì ní ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì ní ọmọ tí ń ṣeré lórí rẹ̀.

Ní Zamfara, ọ̀rọ̀ ti yí sí ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ìwakùsà ní ìpínlẹ̀ náà nítorí àwọn agbébọn, wọn kò sì ká òfin náà kúrò títí di oṣù kejìlá ọdún 2024. Ní ọdún 2022, MSF fa iṣẹ́ ìtọ́jú òjé lé ìjọba ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní DMSA ti ń di géńdé. Àwọn kòtò tí wọ́n rọ́ iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá sí ṣì wà lẹ́yìn àwọn abúlé mẹ́jọ náà, òjé inú wọn kò dín ní gíráàmù kan, awakùsà sì ti padà sí ẹnu iṣẹ́.